Ọkọ̀ Ni Ìyá Tìmí Ń Pè

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé èmi ò bá àwòrán yẹn jà. Àwòrán ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ilé Tìmílẹ́hìn ní Ugbor, tí mo gun àtẹ̀gùn lọ sí yàrá tí ìyá rẹ̀ wà, inú ti máa ń bí mi kí n tó ṣílẹ̀kùn, nítorí mo mọ ohun tí mo fẹ́ lọ bá lára ògiri. Omi tó pa rọ́rọ́ ni, ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin wà létí rẹ̀, gbogbo wọn pátá ni wọ́n sì so mọ́ òpó.

Mojísọ́lá lorúkọ mi. Ọmọ Ìkìrun ni mí, ṣùgbọ́n ìlú Benin ni mo ti di ìyá ọlọ́mọ, ibẹ̀ náà ni mo ti di ìyá àgbà. Ike ni mò ń tà ní ọjà Ekiosa: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, kúùlà, ohunkóhun tó bá ṣáà ti jẹ́ ike. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni obìnrin tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tó ń ta edé àti ẹja gbígbẹ. Èyímofẹ́ ni wọ́n sọ ọ́ nílé, Ìyá Tìmí ni gbogbo ọjà ń pè é. Èmi a máa pè é ní Ẹ̀gbọ́n, nítorí ó jù mí lọ, àti nítorí pé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọjà yẹn, tí mi ò gbọ́ èdè Bìnì, tí Pidgin mi náà ń ta gẹ̀gẹ̀, òun ló ké sí mi ní Yorùbá pé, "Ìwọ ọmọ yìí, wá jókòó síbòji, ṣé o fẹ́ kí oòrùn yan ọ́ jẹ ni?"

Ọmọ Ìlàjẹ ni, létí omi ni wọ́n bí i sí, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó. Ó ní òun ti mọ ọkọ̀ í wà kí òun tó mọ̀ pé èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Bí ó bá ti ń sọ ọ́, á gbá ìgbálẹ̀ mú bí àjẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀, á wá jókòó sórí àpò edé, á máa wa ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ọjà lọ: apá òsì, apá òsì, apá ọ̀tún. Àwa a rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà lójú wa. Àwọn oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá náà á máa bá wa rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sójú kan. Ẹ ní kó sinmi, ẹ ti bú u nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ ra ẹja, ìdájí ló sì máa ń jáde ní Uwasota, níbi tó ti gba yàrá láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wà ní kékeré. Àwọn aráàdúgbò kò nílò aago. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "Ọkọ̀ dà? Ọkọ̀ dà?" lójú títì, wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ ti fẹ́ mọ́ nìyẹn.

Ó ní ọkọ o. Akíntáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, òwò gẹdú ló ń ṣe. Ó ní òun ń lọ wo gẹdú ní Sapele, ó sì wo gẹdú náà títí ọmọ tó fi sílẹ̀ fi wọ yunifásítì. Ìgbà kan ṣoṣo tó yọjú láàárín, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló wá gbé lọ fún ẹni tó fẹ́ sọ́hùn-ún. Ṣé ẹ rí ojú rẹ̀? Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì dárúkọ Akíntáyọ̀ létí Ìyá Tìmí, á tutọ́ sílẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ da iyanrìn bo itọ́ náà. Kò bú u, kò ṣépè. Ó kàn ń tutọ́ ni.

Tìmílẹ́hìn nìkan ló bí, ó sì tọ́ ọ dáadáa. Yorùbá ni ìyá fi ń bá a sọ̀rọ̀, Pidgin lọmọ fi ń dáhùn, bí àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín ṣe ń ṣe. Ó gbọ́ Yorùbá, ẹ má gbà pé kò gbọ́. Ohùn ni kò gbọ́. Nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ ní kó sáré lọ gbé ọkọ́ wá, ó fẹ́ ro ẹ̀yìnkùlé. A retí ọmọ títí, a ò rí i. Nígbà tí a máa rí i, ojú títì ló dúró sí, tó na ọwọ́, tó ń dá ọkọ̀ dúró! Takisí kan ti dúró, awakọ̀ ń bi í níbo ló ń lọ. Háà, a rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ká ní mo mọ̀, n bá ti jókòó ti ọmọ yẹn kí n kọ́ ọ ní ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ títí yóò fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan, nígbà tí Tìmílẹ́hìn ti dàgbà, ni rọpárọsẹ̀ kọlu Ẹ̀gbọ́n lọ́jà. Edé ló ń wọn fún oníbàárà, agolo sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?" Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò lè dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ohùn náà sì bá wọn lọ. Nígbà tí ilé ìwòsàn ní kó máa lọ sílé, Tìmílẹ́hìn gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọmọ náà, ó tọ́jú ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ báńkì ló ń ṣe, ilé rẹ̀ dára. Comfort ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ẹdó tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìyá tó bí òun gan-an. Wọ́n fún un ní yàrá òkè tó tóbi, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Nítorí ẹ̀rọ yẹn, ilẹ̀kùn máa ń wà ní títì, fèrèsé náà sì máa ń wà ní títì, irin tún wà lójú fèrèsé nítorí olè. Ẹni tí kò lè jókòó sójú kan lọ́jà ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ojú rẹ̀ kọ sí ògiri funfun.

Comfort ló ronú kan àwòrán. Ó ní etí omi ni Mama ti wá, kí ó máa rí omi. Ṣé ẹ rí i pé inú rere ló ti wá? Ó rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan, ẹ̀dà ohun tí òyìnbó kan yà láyé ọjọ́un ni, wọ́n sì gbé e kọ́ sí iwájú ibùsùn gan-an. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sún mọ́ ọn láti wò ó, mi ò rí nǹkan kan àfi ọ̀dà tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì tọ́ kiri, búlúù níhìn-ín, pupa rúsúrúsú lọ́hùn-ún, bí ìgbà tí ọmọdé ń ṣeré. Mo ní, "Tìmí, ẹ ò wá rí ẹni tó parí ẹ̀ fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aunty, move back small. Na Impressionist."

"Impẹ́rẹ́ kí ni?"

Ó fà mí sẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà. Lóòótọ́ ni, àwọn ọ̀dà náà bá ara wọn mu, wọ́n di omi, wọ́n di òwúrọ̀, wọ́n di ọkọ̀ mẹ́rin tí òjìji wọn wà nínú omi. Ó rẹwà, mi ò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n kò sí èèyàn kankan nínú àwọn ọkọ̀ yẹn, kò sì sí àjẹ̀ nínú ìkankan wọn. Mo bojú wo Ìyá Tìmí, mo rí i pé ó ti rí i ṣáájú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ mi Abímbọ́lá bímọ ní Ìkìrun, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Mo pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí mo padà dé Benin, mo se ọbẹ̀ ẹja tútù tí Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn, mo sì gba Ugbor lọ lọ́jọ́ Sunday, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gun òkè, mo ṣílẹ̀kùn. Ta ni mo bá lórí àga lẹ́bàá ibùsùn, tó wọ jálámíà tuntun, tó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀?

Akíntáyọ̀!

Ẹ gbà mí o! Abọ́ ọbẹ̀ fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti darúgbó, irun rẹ̀ ti funfun báláú, ṣùgbọ́n mo mọ imú yẹn. Ó ní, "Ìyá Abímbọ́lá, ẹ káàbọ̀," bí ẹni pé àná la ríra kẹ́yìn. Mo wo Ìyá Tìmí. Ó ti yíjú sí ògiri, sí apá ibi tí ọkùnrin náà kò sí. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Tìmílẹ́hìn! Ta ló gbé baba yẹn wá síbí?"

"Na me, Aunty." Ojú rẹ̀ ń dán. "Mummy don dey talk! She dey call am. Every day, oko, oko. Na her husband she want. So I go Sapele go find Daddy."

Ó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló padà sẹ́nu ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ni ó ń sọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Inú wọn dùn. Comfort bi Tìmílẹ́hìn léèrè kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní ọkọ ni. Ó wá gbọ́ pé àwọn ọmọ ìyàwó kejì ti lé bàbá rẹ̀ jáde, pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹnìkan ló ń sùn. Ó gbà pé Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀.

"Ṣé ìyá rẹ máa ń wo bàbá náà?"

Ó ní ojú máa ń ti ìyá òun.

Ojú ń tì í! Mo fà á lọ́wọ́, a gun òkè. Comfort tẹ̀ lé wa. Mo jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, mo di ọwọ́ òsì Ẹ̀gbọ́n mú, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Kí lẹ ń sọ? Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó la ẹnu. Ó pẹ́ kó tó jáde, ó kọ́kọ́ rí bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ nǹkan wúwo nílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó jáde, kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀."

"Mo wà níbí," ni Akíntáyọ̀ dáhùn láti orí àga.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ mọ́ ọn. Mo ní, "Bàbá Tìmí, ta ló pè yín? Tìmí, ó ní ọkọ̀! Kì í ṣe ọkọ. Ọkọ̀! Ṣé o gbọ́ ibi tó bọ́ sílẹ̀?"

"Aunty, oko, oko, no be the same thing?"

"Kì í ṣe nǹkan kan náà! Ọkọ lẹni tó fẹ́ ọ. Ọkọ̀ lohun tó ń gbé ọ lọ!" Mo pe ọ̀kan, mo pe ìkejì, mo tún wọn pè bí olùkọ́ jẹ́léósinmi. Ó ń wo ẹnu mi, ó sì rí i lójú mi pé òótọ́ ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ. Kí ni kí n ṣe? Mo yíjú sí Akíntáyọ̀. "Ẹ̀yin ni Yorùbá gidi níbí. Ẹ sọ fún ọmọ yín."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, "Ohùn aláìsàn ni. Èmi ló ń pè."

Ìyá Tìmí bẹ̀rẹ̀ sí mí gúlegúle. Nígbà náà ló sọ sí mi lọ́kàn pé àwòrán yẹn ni. Kí tún ni ọkọ̀ nínú yàrá yìí? Ó ti wo ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ títí ó ti sú u, ó fẹ́ kí wọ́n gbé e kúrò lójú òun. Mo pàṣẹ, Comfort sì gbé àwòrán náà sílẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri.

Háà, igbe tí obìnrin yẹn ké! Kì í ṣe ọ̀rọ̀, igbe lásán ni. Ó fi ọwọ́ òsì lu ibùsùn, ó lù mí láyà, omi ń dà lójú rẹ̀. Èmi tí mò ń pariwo pé ọmọ kò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó jọ ojú ọ̀nà nínú yàrá yẹn ni mo ní kí wọ́n gbé kúrò níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Comfort sáré gbé àwòrán padà kọ́.

Nígbà tí omi náà padà sí iwájú rẹ̀, ara rẹ̀ rọlẹ̀. Ó wò ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó di nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mú, ó tì í bọ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sì fà á sẹ́yìn. Ó tún ṣe é. Ó tún un ṣe. Mo mọ ìṣe yẹn! Ìgbálẹ̀ nìkan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ máa lọ ni? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fún mi lọ́wọ́ pọ̀."

Ó fún ọwọ́ mi pọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ.

"Ṣé etí omi ni? Ìlàjẹ?"

Ọwọ́ náà dẹ̀. Omi òkun ti gbé apá ibi tí ilé wọn wà lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

"Ṣé Uwasota ni? Yàrá yín?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo sunkún. Ó fún ọwọ́ mi pọ̀, kò sì tú u sílẹ̀ mọ́. "Ọkọ̀," ló tún wí, "ọkọ̀, ọkọ̀," bí ìgbà tó ń pariwo lójú títì ní ìdájí. Uwasota ló ń lọ. Ó ń béèrè ọkọ̀ lásán ni, láti ọjọ́ yìí wá! Wọ́n sì lọ mú ẹni tí Ẹ̀gbọ́n ń tutọ́ sí orúkọ rẹ̀ wá, wọ́n fi jókòó tì í.

Mo gbójú sókè kí n fi yangàn fún Tìmílẹ́hìn. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

Ó ní, "Aunty, I don pack out of that place. Landlord don give another person."

"O ṣe kí ni?"

"Since two months. Who go stay there with am? I sell the bed and the other things. I think say she no go ever..."

Mo ní kó jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ mi. Ó bi mí tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé ta ni yóò máa yí i padà lórí ibùsùn tí mo bá lọ sọ́jà. Ìyá Tìmí ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ti ń gbìyànjú láti fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ sókè. Ó gbọ́ Pidgin dáadáa, ṣùgbọ́n bóyá kò fẹ́ gbọ́ eléyìí.

Ìgbà náà ni Akíntáyọ̀ sọ̀rọ̀. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa.

"Òótọ́ ni Ìyá Abímbọ́lá sọ," ló wí. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ni mo ti gbọ́ ọ. Ọkọ̀ ló ń pè, kì í ṣe èmi."

Mo ní, "Ẹ gbọ́, ẹ sì ń dáhùn?"

"Tí mo bá sọ fún ọmọ yìí pé kì í ṣe èmi, níbo ni kí n lọ?"

Èyí tí bàbá rẹ̀ sọ, Tìmílẹ́hìn gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Ó wo bàbá náà bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ ò rí i bí? Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò sí ohun tó wù ú ju kí ìyá rẹ̀ pe bàbá rẹ̀ lọ. Kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kúnlẹ̀ síwájú ibùsùn, ó yí ẹ̀yìn sí wa, ó ní, "Aunty, put am for my back." Èmi àti Comfort gbé ìyá lé e lẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Comfort di ẹsẹ̀ tó kú mú kó má bàa gbá ògiri. Wọ́n fi í sí iwájú ọkọ̀, èmi àti Comfort wọ ẹ̀yìn, ó di Uwasota.

Ẹ bá wo ojú rẹ̀! A gba Ring Road, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìlàjì ẹnu. Wọ́n ti ṣí gíláàsì sílẹ̀ fún un, atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè kúrò lórí rẹ̀, ó sì ń ka ohun gbogbo lójú: àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, àwọn kèké, ọmọ tó ń sunkún lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ń rò ó pé bóyá bí a bá dé ibẹ̀, nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Èmi náà kò mọ̀. Inú mi ṣáà ń dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sóde.

A dé Uwasota, Tìmílẹ́hìn rọra dúró síwájú ilé náà. Aṣọ fèrèsé tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, aláwọ̀ òféèfé ni. Bàtà olówó pọ́ọ́kú tí àwọn ọmọ yunifásítì ń wọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan jáde láti inú yàrá náà, ó da omi ìfọṣọ sílẹ̀, ó kí wa pé good afternoon, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe rí nìyẹn. Ìyá Tìmí wo ilẹ̀kùn náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀kùn. Tìmílẹ́hìn gbórí lé ọwọ́ ìdarí ọkọ̀. Nígbà tó yá, ó ṣáná sí i, ó yí padà.

A padà dé Ugbor. Maigádì ṣí géètì, a wọlé, ó tì í mọ́ wa lẹ́yìn. Comfort ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó na ọwọ́ láti gbé e. Ìyá Tìmí fi ọwọ́ òsì di ìgbànú ọkọ̀ tó wà láyà rẹ̀ mú. Wọ́n fà á, kò tú u. Èmi bẹ̀ ẹ́, kò tú u. Èékánná rẹ̀ ti wọ inú ìgbànú náà. Ó ń wo iwájú tààrà, níbi tí kò sí nǹkan kan àfi ògiri ilé.

Tìmílẹ́hìn yípo wá, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Ó pẹ́ níbẹ̀ tó ń mi ẹnu rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò. Ó wá sọ ọ́ ní Yorùbá. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ọkọ̀ ò lọ mọ́."

Ọkọ̀! Ó pè é gẹ́lẹ́, ó sì bọ́ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó bọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é. Ìyá yí ojú sí i. Ó wò ó, ó wò ó dáadáa, ó sì mọ̀ pé ó ti yé ọmọ òun nísinsìnyí. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ìgbànú náà.

Akíntáyọ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá òkè kí a tó dé. Bọ́ìsìkọ́tà tó wà lẹ́yìnkùlé ni ó wà báyìí, kì í gòkè. Àga rẹ̀ ni èmi ń jókòó lé ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Comfort sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ayọ̀ pé, "Mama don calm down. She no dey shout again." Mo ní ó ṣeun, nítorí ó ń ṣe dáadáa, kò sì sí ohun tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó jáde, mo sún mọ́ etí Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe ọkọ̀ kí n gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Mo gbé ọwọ́ òsì rẹ̀, mo wà á síwájú, mo wà á sẹ́yìn. Ó jẹ́ kí n ṣe é, ó sì ń wo omi tó wà lára ògiri. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀, ọwọ́ náà dúró síbi tí mo fi í sí. Kò sọ nǹkan kan.